Ohùn Kọkànlélọ́gọ́ta

Ìwọ tí ìwé yìí bọ́ sí lọ́wọ́, jọ̀wọ́, má kà á sókè. Fi ojú kà á. Bí o bá jẹ́ ẹni tí ètè rẹ̀ máa ń mì bó bá ń kàwé, bíi tèmi, jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé, jìnnà sí ilẹ̀kùn, jìnnà sí ẹ̀rọ omi. Bí wọ́n bá rán kóró mọ́ ọrùn ẹ̀wù rẹ, bọ́ ẹ̀wù náà sínú ilé kí o tó jókòó. Mo mọ ohun tí òfin wí. Mo mọ̀ pé kóró kì í tọ́jú ohùn ẹnikẹ́ni, pé ó ń gbọ́, ó ń ṣe ohun tí a ní kó ṣe, ó sì ń gbàgbé. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn èèyàn fún odidi ọdún mẹ́sàn-án. Síbẹ̀, má kà á sókè.

Kì í ṣe nítorí tèmi. Èmi ń jẹ ìyà tèmi lọ́wọ́. Ọmọbìnrin kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tó ṣe mí lóore, oore náà sì lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi bíírò kọ ọ́ sí bébà. Bébà kò létí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ti lù, ọmọ-etí tuntun, ìyẹn ọgbọ́n ìgbọ́ràn tí a ń fi sínú kóró, wà lórí òṣùwọ̀n, iná òṣùwọ̀n sì pọ́n.

“Mẹ́tàlélógójì,” Fadérẹ̀rà wí. “Mẹ́tàlélógójì síbẹ̀síbẹ̀.”

Fadérẹ̀rà ni ọ̀gá wa ní Ilé Etí ti Àgọ́-Òjé, níbi tí a ti ń ṣe kóró. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni, ó sì kàwé débi tí ìwé parí sí. Èmi ka ìwé mẹ́fà, mo ti pé ọdún márùndínlọ́gọ́ta. Mò ń pè é ní ọ̀gá, òun ń pè mí ní mọ́mì, ó sì tẹ́ àwa méjèèjì lọ́rùn.

“Ogójì ni Ìgbìmọ̀ sọ pé kó má kọjá,” ni mo ní.

“Mo mọ̀, mọ́mì. Ẹ sún mọ́ ọn, ẹ bá mi sọ nǹkan sí i.”

Ilẹ̀kùn kékeré kan wà lórí tábìlì tí a fi ń dán etí wò, kò ju ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù lọ. Kóró tó wà lára rẹ̀ kò tó ẹ̀gúsí kan. Mo sún mọ́ ọn, mo tẹríba díẹ̀, n kò tiẹ̀ mọ ìgbà tí mo ṣe é.

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣílẹ̀kùn.”

N kò tíì pa ẹnu dé tó fi ṣí.

“Ẹ rí i?” Inú Fadérẹ̀rà ń dùn, ó ń gbìyànjú kó má hàn lójú rẹ̀. “Ti àtijọ́ ì bá ṣì máa rò ó. Kó tó dáhùn, èèyàn á ti fẹ́ iná títí tó fi jó.”

“Ó yára lóòótọ́, ọ̀gá.”

“Ó yára, ó sì fi mẹ́ta sanra jù.”

Ìwọ náà á rántí òjò èṣí. Oòrùn kò yọ fún ọjọ́ mọ́kànlá. Àwọn kóró àtijọ́ sanra, wọ́n mu gbogbo iná tó wà nínú bátìrì gbẹ, ilẹ̀kùn kò gbọ́ràn mọ́, ẹ̀rọ omi kò gbọ́ràn. Ìyá kan tó ń ta òrí ní ìsàlẹ̀ Ọjà-Ọba wà nínú ilé rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ojú fèrèsé làwọn èèyàn ti ń na oúnjẹ sí i. Kò sì sẹ́ni tó lè dá a lábàá pé ká tún máa fi ohùn ránṣẹ́ sí àwọn etí ńlá òkè òkun bíi ti àtijọ́. A kò tíì gbàgbé ohun tí wọ́n fi ohùn wa ṣe. Wọ́n fi ohùn ìyá pe ọmọ, ọmọ sì dáhùn, kì í ṣe ìyá ló pè. Láti ìgbà náà ni òfin ti ní kí ohun gbogbo máa gbé etí tirẹ̀ sára.

Fadérẹ̀rà ṣí pátákó oníná. Gbogbo okùn inú ọmọ-etí hàn níbẹ̀, aláwọ̀ oríṣiríṣi, bí òwú lórí òfì. Ìyá-etí tó wà nínú yàrá tútù lẹ́yìn ilé, tó tóbi tó àká àgbàdo, òun ló kọ́ ọmọ náà ní gbogbo ohun tó mọ̀. Iṣẹ́ Fadérẹ̀rà ni láti wá èyí tí ọmọ lè gbàgbé láìṣe ẹnikẹ́ni léṣe, kó já a.

“Okùn ọmọdé nìyí,” ó wí. “Okùn àwọn akólòlò nìyí. Okùn orin.” Ó fi ìka pa okùn orin lára díẹ̀. Òun ló hun ún. Òun ló jẹ́ kí àwọn ọmọ ilé-ìwé ìlú yìí máa fi orin ṣílẹ̀kùn, tí gbogbo àdúgbò ń dún láàárọ̀. “Okùn àgbà rèé. Mẹ́ta gééré ló wọ̀n. Mọ́mì, ẹ wo máàkì wọn.”

Mo wò ó. Mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

“Àwọn ọmọdé gba ọgọ́rin. Àwa tá a lọ sí yunifásítì gba àádọ́rùn-ún ó lé díẹ̀. Àwọn tó ti lé ní àádọ́rin ọdún gba mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ wọn lẹ kọ ọ́. Kò sẹ́ni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ já gaara tó tiwọn ní gbogbo Àgọ́-Òjé.”

“Hẹn,” ni mo ní.

“Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ já gaara báyìí, kí ló ń fi okùn ọ̀tọ̀ ṣe? Okùn gbogbo èèyàn á gbọ́ wọn. N óò já a. Aago méjì ni mo máa lu òǹtẹ̀, ọkọ̀ Ìgbìmọ̀ ń bọ̀ láago mẹ́rin. Tó bá di ọjọ́ Ẹtì, wọ́n á kó ti àtijọ́ láti ilé dé ilé, wọ́n á lọ̀ ọ́.”

“Hẹn,” ni mo tún ní. 

Jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí, kí ìgboyà tó kúrò lára mi. Irọ́ ni máàkì yẹn.

Àwa méjìlá la máa ń gbọ́ ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ará ìlú, nínú yàrá kejì. Ohùn á wọlé sí wa létí, a ó kọ ohun tí a gbọ́ sílẹ̀, a ó sì máàkì: Ó yé mi, tàbí Kò yé mi. Ṣùgbọ́n kí ohùn tó wọlé, orúkọ olóhùn á kọ́kọ́ hàn, àti ọjọ́ orí rẹ̀. Bàbá Olúòkun, ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Ìyá Àgbà Morádéùn, àádọ́rùn-ún ọdún. Ìyá Àgbà Morádéùn ló gbẹ̀bí ìyá mi nígbà tí wọ́n bí mi. Ta ni èmi tí n óò mú bíírò, tí n óò kọ ọ́ síwájú orúkọ wọn pé ọ̀rọ̀ wọn kò yé mi?

Ẹnikẹ́ni kò pàṣẹ fún wa. A kò sì bá ara wa sọ ọ́. Ràfátù tó ń jókòó tì mí máa ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àga kó kúnlẹ̀ bí ohùn àgbà bá ń wọlé, á ní “ẹ káàárọ̀ mà,” kó tó kọ nǹkan kan. Bí ọ̀rọ̀ náà bá dàrú, a ó rò ó wò, kí ni àgbà lè máa fẹ́ nírú àsìkò yìí? Omi gbígbóná ni. A ó kọ omi gbígbóná. A ó máàkì pé ó yé wa. Ẹni tó wá kọ́ wa níṣẹ́ náà wá láti ọ̀nà jíjìn, kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun kìlọ̀ fún wa nípa ìyẹn.

Orúkọ kan sì wà láàárín wọn tí n kò fi ẹnu pè rí láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí mo ti wọlé ọkọ. Oyèkànmí Láṣebìkan, ọdún méjìléláàádọ́rin. Òfin ní kí n gbé tiwọn fún Ràfátù, nítorí èèyàn kì í máàkì ẹbí rẹ̀. N kò gbé e fún un. Àìsàn ti mú apá ọ̀tún ọkọ mi, ó mú ìdajì ẹnu wọn pẹ̀lú, ọ̀rọ̀ wọn sì máa ń wọ́ bí ẹni tó ń fa àpò sìmẹ́ǹtì lórí ilẹ̀. N kò fẹ́ kí ẹlòmíràn jókòó kó máa fetí tú u wò. Ọgọ́rin ohùn ni. Mo gbọ́ mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Ọ̀kan ṣoṣo ni kò yé mi rárá, ohùn kọkànlélọ́gọ́ta. Ó gùn ju àwọn yòókù lọ, wọ́n sì rẹ́rìn-ín láàárín rẹ̀. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo kọ ọ́ pé: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí fèrèsé. Mo máàkì pé ó yé mi.

Ẹni tó bá máàkì èké, Ìdákẹ́ ni wọ́n ń fún un. Wọ́n á sọ fún gbogbo kóró ìlú pé kí wọ́n má gbọ́ ọ. Bó bá jẹ́wọ́ kí wọ́n tó lu òǹtẹ̀, ogójì ọjọ́. Bó bá jẹ́ lẹ́yìn òǹtẹ̀, ọdún kan. Mo ti rí ọkùnrin tó wà nínú Ìdákẹ́ rí. Ó gbé korobá síwájú ẹ̀rọ omi, ó ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, àwọn èèyàn ń wo ilẹ̀.

Dúró ná. Ẹnì kan ń kọjá níta.

Ó ti lọ.

Mo sọ fún Fadérẹ̀rà pé kó jẹ́ kí n mú ọmọ-etí tí ó ti já okùn rẹ̀ lọ dán wò nílé, bí mo bá lọ jẹun ọ̀sán. Ó ní kò burú, ó já okùn ọ̀kan fún mi lójú mi báyìí, ó fi í sínú ọ̀rá. Bó ti yíjú, mo mú kóró àtijọ́ kan nínú garawa àwọn tí wọ́n ti yọ sọ́tọ̀, mo so ó mọ́ etí ìró mi. N kò jalè rí. Mo di etí ìró náà mú títí mo fi dé inú bọ́ọ̀sì.

Ọkọ mi wà lórí àga wọn nídìí fèrèsé. Kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń tún ṣe kí àìsàn tó dé, gbogbo ìlú ló mọ̀ wọ́n sí i, kẹ̀kẹ́ wọn ti ara wọn sì ṣì wà lára ògiri, eruku ti bò ó.

“Àwẹ̀ró,” wọ́n wí. “O tètè dé lónìí. Ṣé wọ́n lé ọ níbi iṣẹ́ ni?”

“Wọn ò tíì lé mi.”

“Wọn ò tíì. O dáhùn bí ẹni tó ń retí rẹ̀.”

Mo fún wọn ní oúnjẹ. Bí wọ́n ti ń jẹun, mo yọ kóró tó wà lára àpótí oògùn, mo fi tuntun sí i. Wọ́n rí mi, wọ́n bu òkèlè mìíràn. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, wọ́n nu ẹnu, wọ́n kọjú sí àpótí. Ọkọ mi kì í pàṣẹ fún nǹkan kan láìkọ́kọ́ kí i.

“Àpótí, ẹ kú ọ̀sán o. Ẹ kú ìdúró láti àárọ̀. Ẹ fún mi ní tọ̀sán mi.”

Kíá ni àpótí dáhùn. “Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀.”

Wọ́n wò mí. Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Kí ló wí?”

“Ẹ tún un sọ, Bàbá Jọláadé. Ẹ rọra sọ ọ́.”

Wọ́n rọra sọ ọ́. Wọ́n fi ọwọ́ òsì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún mú kí ọ̀rọ̀ lè gún.

“Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀.”

Ìgbà yẹn gan-an ni ewúrẹ́ ilé Bàbá Olúòkun ké lójú fèrèsé wa. Àpótí ní, “Ẹ jọ̀ọ́, kò yé mi, ẹ tún un sọ.”

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí àga fi ń mì. “Ó gbọ́ ewúrẹ́. Àwẹ̀ró, ó gbọ́ ewúrẹ́, ó tún bẹ̀ ẹ́. Bá mi wo ara mi, ṣé mo ti kú tí ẹ ò sọ fún mi ni?”

“Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀.”

“Èmi kọ́ ló sọ ọ́. Ó ní kò sí ẹni.”

Wọ́n tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn èyí wọn kò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n tún fìlà wọn ṣe, wọ́n ń wo àpótí náà bí èèyàn ṣe máa ń wo àlejò tó wọlé tí kò kí onílé.

Mo tú etí ìró mi. Mo yọ kóró tuntun, mo fi ti àtijọ́ sí i. Wọ́n tún kí i. Àpótí ronú. Ó gbóná, mo gbọ́ òórùn rẹ̀. Nígbà tó pẹ́, ó ní, “Mo ti gbọ́ yín, Bàbá,” oògùn sì já bọ́ sínú ife.

“Èyí ni n óò máa fi pamọ́ fún yín,” ni mo wí. “Tí wọ́n bá wá kó ti ilé lọ́jọ́ Ẹtì, inú àpò èlùbọ́ ni èyí yóò wà. Tí wọ́n bá lọ, n óò dá a padà.”

Wọ́n gbé oògùn mì. Wọ́n mu omi. “Bàbá Olúòkun ńkọ́?”

“Bàbá Olúòkun báwo?”

“Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tiwọn, inú àpótí náà ló wà. Ṣé nínú èlùbọ́ tiwa náà la ó fi tiwọn sí?”

“Kóró kan ṣoṣo ni mo rí mú.”

“O jí i?”

Mo kó àwo oúnjẹ kúrò níwájú wọn.

“Àwẹ̀ró mi tó máa ń dá ṣéńjì ẹni padà fún oníbúrẹ́dì,” wọ́n wí jẹ́jẹ́. “Jókòó. Kí ló ṣẹlẹ̀?”

Mo jókòó, mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ ti máàkì, mo sọ ti Ràfátù tó ń kúnlẹ̀ fún ẹ̀rọ, mo sọ ti omi gbígbóná, mo sọ ti Ìdákẹ́. Ohùn kọkànlélọ́gọ́ta nìkan ni n kò sọ. Mo rò pé wọ́n á bínú. Omi bọ́ lójú wọn, ẹ̀rín ni.

“Ẹ bọ̀wọ̀ fún wa,” wọ́n ní, “ẹ bọ̀wọ̀ fún wa títí ẹ fi sọ wá di ẹni tí kò sí.”

“Ẹ̀rù ń bà mí.”

“Mo mọ̀. Ó ti hàn láti ẹnu ọ̀nà. Ogójì ọjọ́ lo wí?”

“Tó bá ti kọjá aago méjì, ọdún kan ni.”

“Aago mélòó ló lù báyìí?”

“Ó kù díẹ̀ kí aago kan àbọ̀ lù.”

 Mo ń dúró kí wọ́n ní kí n lọ, tàbí kí wọ́n ní kí n má lọ. Èyíkéyìí tí wọ́n bá sọ, n óò ṣe é, èyí ni mo ń sọ fún ara mi. Wọ́n wo ògiri.

“Bọ́ọ̀sì kì í dúró fún ẹni tó wà nínú Ìdákẹ́, àbí?”

“Kì í dúró.”

“Bá mi sọ kẹ̀kẹ́ yẹn kalẹ̀. Bá mi wá páǹpù wá, ó wà lábẹ́ ibùsùn.” Wọ́n na ọwọ́ òsì. “Iṣẹ́ rẹ jìnnà. Kẹ̀kẹ́ kì í bi èèyàn léèrè kó tó gbé e.”

Mo sọ kẹ̀kẹ́ kalẹ̀ fún wọn, mo dá kóró ilé padà sára àpótí, mo sì tún so èyí tí mo jí mọ́ etí ìró mi. Nígbà tí mo jáde, wọ́n ti fi ẹsẹ̀ di táyà mú, wọ́n ń fi ọwọ́ kan fẹ́ ẹ.

Èmi kò yára bí mo ṣe fẹ́ kí o rò pé mo yára. Bọ́ọ̀sì já mi sílẹ̀ ní aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo dúró lábẹ́ igi máńgòrò tó kọjú sí Ilé Etí. Mo ń wo ẹnu ọ̀nà. Mo ní n óò wọlé bí adìyẹ yẹn bá kọjá. Adìyẹ kọjá. Mo ní n óò wọlé bí òógùn ọwọ́ mi bá gbẹ. Aago méjì lù, mo gbọ́ ọ, mo ṣì dúró. Ohun tó gbé ẹsẹ̀ mi níkẹyìn kì í ṣe ìgboyà. Ohùn ewúrẹ́ yẹn ni, àti àpótí tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó tún un sọ.

Nígbà tí mo wọlé, aago ara ògiri ti kọjá méjì pẹ̀lú ogún ìṣẹ́jú. Iná òṣùwọ̀n ti di àwọ̀ ewé. Òǹtẹ̀ pupa ti wà lára àpò kóró. Fadérẹ̀rà ń jẹ ẹ̀pà.

“Mọ́mì, báwo ni? Ó ṣiṣẹ́ nílé?”

Mo kúnlẹ̀. Ó dìde kíá, ọmọ tó tọ́ kì í jókòó kí àgbà máa kúnlẹ̀ fún un. “Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Kí lẹ ń ṣe? Ẹ dìde.”

Lórí ìkúnlẹ̀ yẹn ni mo ti sọ ọ́. Ó gba ìṣẹ́jú púpọ̀ nítorí mo ń tún un bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, mo tú kóró tí mo jí sórí tábìlì rẹ̀.

“Gbogbo yín lẹ ṣe é?” ó bi mí.

“Mi ò mọ tẹlòmíràn. Tèmi ni mo mọ̀.”

“Ràfátù ńkọ́?”

“Tèmi ni mo mọ̀, ọ̀gá.”

 Ó lọ sídìí pátákó, ó wá ohùn kan jáde, ó fi sí etí ilẹ̀kùn kékeré orí tábìlì. Mo mọ ohùn náà kó tó parí. Ìyá Àgbà Morádéùn ni, ìyá tó bí ìyá Fadérẹ̀rà, tí wọ́n tọ́ ọ dàgbà. Ohùn náà tínrín, ó ń gbọ̀n, ó ń kí ilẹ̀kùn, ó ń ṣàdúrà fún un, ó bi í léèrè àwọn ará ilé rẹ̀, ó wá ní kó ṣí.

“Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀,” ilẹ̀kùn wí.

Fadérẹ̀rà tún un fi sí i. Ilẹ̀kùn tún wí bẹ́ẹ̀.

“Ìyá àgbà mi ni,” ó sọ, bí ẹni tó ń ṣàlàyé fún ilẹ̀kùn.

Ó gbé ọ̀bẹ kékeré, ó gé òǹtẹ̀ pupa náà. Mo fẹ́ sọ fún un pé wọ́n ń lé èèyàn níṣẹ́ nítorí ìyẹn, ṣùgbọ́n ó mọ̀ jù mí lọ. Ó so okùn àgbà padà. Òṣùwọ̀n pọ́n, mẹ́tàlélógójì. Ó jókòó, ó gbé ọwọ́ lé àgbọ̀n. Ojú rẹ̀ wá lọ síbi okùn orin.

“Òun náà wọn mẹ́ta,” ó wí.

“Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ hun ún.”

“Oṣù mẹ́fà ni mo fi hun ún.” Ó fi imú kọ orin díẹ̀, orin táwọn ọmọ máa ń kọ sí ilẹ̀kùn ilé-ìwé. Lẹ́yìn náà ó já a. Òṣùwọ̀n di ogójì. “Wọ́n á fi ẹnu lásán bẹ ilẹ̀kùn bíi tàwa yòókù. Lọ́la, gbogbo yín ni n óò dá padà sídìí iṣẹ́, ẹ ó tún gbogbo ohùn gbọ́. N óò bo orúkọ. N óò bo ọjọ́ orí. Kò sẹ́ni tó máa mọ ẹni tó yẹ kí òun kúnlẹ̀ fún.”

“Ràfátù á kúnlẹ̀ fún gbogbo wọn.”

Ó rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ó fa ìwé Ìdákẹ́ jáde, ọwọ́ rẹ̀ sì wúwo lórí rẹ̀.

“Mọ́mì, mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́. Aago mélòó lẹ wọlé?”

“Aago méjì kọjá…”

“Mo bi yín pé aago mélòó lẹ wọlé.” Kò wo ìwé, èmi ló ń wò.

Mo wo aago ògiri. Mo wò ó padà. “Mi ò wo aago, ọ̀gá.”

“Aago méjì ku ogún ìṣẹ́jú,” ó wí, ó kọ ọ́, ó sì fi ọwọ́ sí i. Ó gbé ìyókù ẹ̀pà rẹ̀ fún mi. Nígbà tí ọkọ̀ Ìgbìmọ̀ dé láago mẹ́rin, òǹtẹ̀ tuntun ti gbẹ.

Ìdí tí mo fi ní kí o má kà á sókè nìyẹn.

Òní ló di ọjọ́ kẹsàn-án. Kò rọrùn. Mo máa ń fi kẹ̀kẹ́ lọ gbé omi ní odò bí ọmọ ìgbà ìyá mi. Lọ́jà, àwọn èèyàn ń wo ilẹ̀ bí mo bá dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n ẹnì kan máa ń sún wá, á bá ilẹ̀kùn sọ̀rọ̀, á kọjá lọ bí ẹni pé kì í ṣe tìtorí mi. Lánàá, Bàbá Olúòkun ni. Wọ́n kí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù títí mo fi fẹ́ kí wọ́n ṣe é kíá, ilẹ̀kùn sì fara balẹ̀ gbọ́ wọn dópin kó tó ṣí.

Mo délé nírọ̀lẹ́ òní. Mo fi kẹ̀kẹ́ ti ògiri, mo gbé omi rù. Mo dúró síwájú ilẹ̀kùn tiwa, ẹnu mi ti là kí n tó rántí.

“Ta ló wà níbẹ̀?” ọkọ mi bèèrè láti inú ilé.

“Èmi ni.”

“Èmi ta ni? Ilẹ̀kùn ní kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀.”

“Bàbá Jọláadé, ẹ jọ̀ọ́, omi wúwo lórí mi.”

“Ohùn yẹn jọ ti obìnrin kan tí mo mọ̀.” Mo gbọ́ tí wọ́n ń fi àga ti ara wọn sún wá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wọ́ ọ̀rọ̀ wọn bọ̀ lórí ilẹ̀. “Ilẹ̀kùn, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ kú ààbò ilé. Ẹ bá wa ṣí fún ìyàwó mi, ó ti rẹ̀ ẹ́.”

Wọn kò tíì pa ẹnu dé tó fi ṣí.

Mo sọ omi kalẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn, n kò tíì bọ́ bàtà. N kò mọ ohun tó mú un wá sí mi lẹ́nu lónìí.

“Ọ̀kan wà tí kò yé mi,” ni mo ní. “Nínú ọgọ́rin tí wọ́n gbà sílẹ̀ lẹ́nu yín. Ohùn kọkànlélọ́gọ́ta. Ẹ rẹ́rìn-ín láàárín rẹ̀.”

 Ìdajì ẹnu wọn tó ń ṣiṣẹ́ gbéra. “Hẹn. Ìyẹn. Wọ́n ní kí n sọ ohunkóhun tó bá wù mí. Kí lo kọ?”

“Mo kọ ọ́ pé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí fèrèsé.”

“Fèrèsé?”

“Fèrèsé ni.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi húkọ́, mo ní láti gbá wọn lẹ́yìn. “Fèrèsé,” wọ́n ń wí. “Ọ̀rọ̀ tí mo fi ọgbọ̀n ọdún kó jọ. O sọ ọ́ di fèrèsé.”

“Kí lẹ sọ?”

“Ṣé o máàkì pé ó yé ọ?”

“Mo máàkì pé ó yé mi.”

“Ó ti yé ọ nìyẹn.”

“Mo ti jẹ́wọ́ ìyẹn, mo ń jìyà rẹ̀ lọ́wọ́. Bàbá Jọláadé, kí lẹ sọ nípa mi?”

“Ta ló sọ pé nípa rẹ ni?” Wọ́n gbé ọwọ́ òsì lé mi lórí, lórí gèlè tí eruku ọ̀nà ti bò, wọ́n fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Mo dúró. Mo bẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kan, mo bẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ń wo ojú fèrèsé, ìdajì ẹnu wọn ṣì wà lókè.

“Mo ti sọ tèmi,” wọ́n wí. “Mi ò sọ̀rọ̀ mọ́.”

Wọn kò sì sọ̀rọ̀ mọ́.